Ẹ́ńjìnnì Tó Di Èènì

Ọjọ́ kan wà tí n kò tíì rí ibi gbé e sí lọ́kàn mi. Bí mo bá ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ mi, tí mo gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ fún ọlọ́jà pé, "Ẹ fi èènì sí i," ojú á kọ́kọ́ tì mí ná, kí n tó rántí pé kì í ṣe èmi ló ń bá wí.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí kò kàwé púpọ̀. Mo jáde girama, àmọ́ èsì ìdánwò mi dà bí eyín arúgbó: ó wà, kò kàn pé ni. Mo lọ kọ́ kọ̀ǹpútà ní Festac. Ibẹ̀ ni Bọ̀dá Dèjì ti rí mi, tó ní kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Festac ni wọ́n bí Bọ̀dá Dèjì sí, Festac ló dàgbà sí, orí rẹ̀ sì pé. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó tó ṣe sọ́fítíwíà kan tó ń tẹ ínfọ́ìsì fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé e kiri, kí n máa fi sínú kọ̀ǹpútà wọn, kí n sì kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe lò ó. Mo ra táì aláwọ̀ pupa kan nítorí iṣẹ́ náà. Àṣé táì yẹn ni gbogbo ìmọ̀ tí mo ní.

Ayé GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò ní apá kan Trade Fair wá ṣòfin tuntun. Ọjà jíjí ti pọ̀ jù láàrin wọn, àwọn tó ń gba VAT fún ìjọba náà ò sì yé bèèrè ìwé tó ṣeé kà. Ẹgbẹ́ ní láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, rísíìtì àfọwọ́kọ ti dópin, kọ̀ǹpútà ni kó máa tẹ ínfọ́ìsì. Ohun tó bá wà nínú ínfọ́ìsì ni kó wà nínú ẹrù tó bá fẹ́ kọjá géètì, kó má lé, kó má dín. Ínfọ́ìsì tó bá sì ti jáde kò ṣeé fà ya mọ́, torí nọ́ńbà rẹ̀ ti wọ inú dísíìkì tí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan máa gbé lọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá ṣẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kìlọ̀ fún un. Ẹni tó bá tún ṣẹ̀, ọjà rẹ̀ ò ní kọjá géètì fún odindi oṣù kan.

Òfin yìí sọ èmi náà di èèyàn. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí kì í dáhùn ìkíni mi tẹ́lẹ̀ wá ń fa mínírà tútù jáde fún mi. Wọ́n ń pè mí ní Ẹ́ńjíníà. Mo kọ́kọ́ máa ń sọ pé rárá, èmi kì í ṣe ẹ́ńjíníà. Nígbà tó yá, mo dákẹ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni Alhaja. Alhaja pọ̀ ní Trade Fair, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dé ìlà tiwọn tí ẹ ní Alhaja, òun ni wọ́n máa mú yín lọ bá. Ọmọ onílẹ̀ ni. Àwọn èèyàn rẹ̀ ti ń gbé ní Amuwo kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Festac. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ń ta ilẹ̀, òun ní plọ́ọ̀gì, fítà àti ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni tòun, torí ilẹ̀ téèyàn bá tà kì í hù padà.

Nígbà tí mo gbé sọ́fítíwíà náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo fi gbogbo ẹ̀ hàn án: ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ oníbàárà sí, ibi tí wọ́n ń kọ ọjà sí, bó ṣe ń ro owó pọ̀. Ó fi gíláàsì sójú, ó wò ó títí. Ó ní, "Ó dáa. Níbo ni èènì wà?"

Mo ní, "Èènì bíi ti báwo, mà?"

"Èènì náà ni. Ẹni tó bá ra dọ́sìnnì plọ́ọ̀gì kan, mo máa ń fi ẹyọ kan lé e. Níbo ni ìyẹn máa wà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wà lára ohun tó ń dùn mí títí dòní. Mo ní, "Alhaja, kọ̀ǹpútà ò mọ èènì o. Ohun téèyàn bá sanwó fún ló mọ̀."

Ó yọ gíláàsì. "Iyọ̀ ni ìyá mi ń tà létí omi níbí. Kò sẹ́ni tó ra iyọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ tí kò bu díẹ̀ lé e. Èmi náà ò tajà láìsí èènì rí. Tí ẹ̀rọ ẹ ò bá mọ èènì, máa gbé e padà fún ẹni tó rán ẹ."

Mo rántí pé Bọ̀dá Dèjì ń retí owó iṣẹ́ yẹn. Ni mo bá sọ gbólóhùn tó kó bá mi. Mo ní, "Ó máa mọ̀ ọ́n, mà. Màá kọ́ ọ," bí ẹni pé ayékòótọ́ ni kọ̀ǹpútà. Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Dèjì tó bèèrè bóyá wàhálà kankan wà, mo ní kò sí wàhálà. Mo rò pé màá wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ èènì tó bá yá. Ó yá lóòótọ́. Ọjọ́ tí òfin bẹ̀rẹ̀ ló yá.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo de táì mi, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Alhaja kí n lè tọ́ wọn sọ́nà. Jẹnẹrétọ̀ ń ké, pírńtà ń ké, inú mi dùn. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó wọlé ni Bàbá Ráfíù. Mẹkáníìkì àgbà ni, ó ń tún ọkọ̀ ṣe fáwọn onítáńkà ní Satellite Town. Ìgbà tí Alhaja ṣì ń pàtẹ plọ́ọ̀gì lórí tábìlì ló ti ń rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò mọ ṣọ́ọ̀bù míì yàtọ̀ sí ti Alhaja. Kí n má fọ̀rọ̀ gùn, bí Bàbá Ráfíù bá kẹ̀yìn sí ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìdajì ọjà ti bá a lọ.

Bàbá ra dọ́sìnnì plọ́ọ̀gì kan. Mo tẹ ínfọ́ìsì, méjìlá ló wà níbẹ̀. Alhaja fi ẹyọ kan sí i lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe, Bàbá jù ú sápò, ó lọ. Mo rí i. Mo yíjú sí pírńtà.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi wá pè wá ní géètì. Ọ̀gá àwọn sìkiọ́rítì ibẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Sájẹ́ńtì nítorí pé ó ti ṣe sójà rí, ló dá Bàbá dúró. Plọ́ọ̀gì kẹtàlá wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, èyí ńkọ́?"

"Èènì ni."

"Kò sí nínú ìwé."

"Èènì wo ló ń wà nínú ìwé?"

Èrò ti tò sẹ́yìn wọn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan láàrin wọn sọ pé, "Ẹ wo àgbàlagbà tó ń gbé plọ́ọ̀gì sápò." Bàbá Ráfíù gbọ́ ọ pẹ̀lú. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn fa aṣọ tó fi ń nu ọwọ́ yọ, ó ń nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ẹ̀bi ẹ̀rọ ni. Sájẹ́ńtì ní òun ò rí ẹ̀rọ kankan tó gbé plọ́ọ̀gì sápò. Ó gba èènì náà, ó sì kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù Alhaja sílẹ̀. Ìkìlọ̀ nìyẹn. Iléyá ti kù díẹ̀ nígbà náà, àkókò tí gbogbo awakọ̀ máa ń tún ọkọ̀ ṣe kí wọ́n tó gbé e lọ sílé. Bí wọ́n bá ti géètì mọ́ Alhaja ní oṣù yẹn, àgbò tí kò ní rówó rà ló máa kọ́kọ́ mọ̀.

Alhaja ò pariwo. Ó ní, "Ẹ́ńjíníà, o ní o máa kọ́ ọ."

Mo padà sídìí kọ̀ǹpútà, mo kọ ọjà tuntun kan tó ń jẹ́ Èènì. Mo fi òdo síbi iye owó. Ẹ̀rọ ní òun ò gba òdo, ohun tí kò bá ní iye kì í ṣe ọjà. Mo ronú, mo wá kọ kọ́bọ̀ kan. Ó gbà á. Mo fọwọ́ gbá àyà ara mi pé ọpọlọ nìyí.

Ẹni tó kàn ni awakọ̀ kan tó fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀. Ó gba ínfọ́ìsì rẹ̀, ó kà á sókè. "Plọ́ọ̀gì méjìlá. Èènì, kọ́bọ̀ kan." Ó gbójú sókè. "Alhaja, ẹ ti wá ń ta èènì?"

Alhaja ní, "Ta ló ta èènì?"

"Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀, mà. Èmi ò sì ní jẹ gbèsè kọ́bọ̀." Ó mú náírà kan jáde, ó gbé e síwájú mi. "Ẹ́ńjíníà, jọ̀ọ́, fún mi ní ṣéńjì mi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ Alhaja ò bá wọn rín in. Ó fà mí sí kọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n to fítà sí. "Wò ó, ọmọ mi. Èènì tí wọ́n bá dá owó lé ti di ọjà. Ìyá mi ò ta èènì rí. Ṣé èmi ni kí n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?" Mo ní kó má bínú. Òógùn ti mu táì mi.

Mo wá gbogbo inú sọ́fítíwíà náà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Mo rí ibì kan tí Bọ̀dá Dèjì ṣe nígbà kan fún àwọn tó ń ta ọṣẹ. Bí èèyàn bá fi máàkì síbẹ̀, ohun yòówù tí oníbàárà bá rà, ẹ̀rọ á fi ẹyọ kan irú rẹ̀ sí i lábẹ́, á sì kọ "ọ̀fẹ́" sí i. Mo fi máàkì síbẹ̀, mo pààrọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀ sí Èènì, mo sì fi ti oníbàárà tó tún wọlé dán an wò. Ó jáde rẹ́gírẹ́gí: plọ́ọ̀gì méjìlá, èènì, plọ́ọ̀gì kan, ọ̀fẹ́.

Alhaja kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó rẹ́rìn-ín fúngbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ní kí wọ́n ra mínírà fún mi. Ní géètì, Sájẹ́ńtì ka plọ́ọ̀gì mẹ́tàlá nínú ìwé, ó ka mẹ́tàlá nínú ẹrù, ó ní kí oníbàárà náà máa lọ. Títí di ọ̀sán, gbogbo ẹni tó wá ló ń ra nǹkan ní dọ́sìnnì. Mo na ẹsẹ̀, mo mu mínírà mi. Mo tiẹ̀ ń ronú pé kí Bọ̀dá Dèjì fi kún owó mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n kírun Àsárì ni Bàbá Ráfíù padà dé. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan ti kú sí i lọ́wọ́, ó fẹ́ ra tòkunbọ̀. Kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ àárọ̀ ń jẹ mí nínú, mo fẹ́ fi iṣẹ́ kíá tẹ́ ẹ lọ́rùn. Mo ní, "Bàbá, ti yín ò ní pẹ́ rárá." Mo tẹ̀ ẹ́ kíá, mo ká ìwé náà pọ̀ dáadáa, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ohun kan ṣoṣo tí n ò ṣe ni pé n ò kà á.

Wọ́n fi ọmọlanke ti ẹ́ńjìnnì náà lọ sí géètì níbi tí ọkọ̀ Bàbá wà. Kò pẹ́ tí ọlọ́mọlanke fi sáré padà wá. Ó ní, "Alhaja, Sájẹ́ńtì ní ẹrù Bàbá ò pé. Ó ní ọ̀kan kù."

"Ọ̀kan kí ni?"

"Ẹ́ńjìnnì, mà."

Alhaja yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. "Ẹ́ńjíníà. Kí lo fi ṣe èènì fún Bàbá Ráfíù?"

Mo ṣí kọ̀ǹpútà. Ó wà níbẹ̀, kò fara pamọ́: ẹ́ńjìnnì kan; èènì, ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀fẹ́. Mo pe Bọ̀dá Dèjì, fóònù rẹ̀ wà ní pípa, ó ti lọ sí ìpàdé àdúrà. Ó dá mi lójú pé kò fi tèmi sínú àdúrà náà, torí mo ti sọ fún un pé kò sí wàhálà.

Nígbà tí a dé géètì, Bàbá Ráfíù ti jókòó lé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bí ẹni tó jókòó lé àpótí nílé. Ó ní, "Láàárọ̀, wọ́n ní ẹrù mi ju ìwé lọ. Nísinsìnyí, wọ́n ní ìwé ju ẹrù lọ. Alhaja, mo dúró. Fi èènì mi ránṣẹ́."

Mo bẹ Sájẹ́ńtì pé kó jẹ́ kí n lọ tẹ òmíràn. Ó ní, "Nọ́ńbà èyí ti wọ dísíìkì. Ọ́dà ni ọ́dà. Ìwé ní méjì jáde, àfi kí méjì jáde. Tí ẹ bá wá fẹ́ dá ọ̀kan padà, ẹ tẹ ínfọ́ìsì ìdápadà, kó gba géètì wọlé, kí n lù ú lóńtẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀ẹ̀kejì Alhaja nìyẹn."

Ẹ́ńjìnnì irú ẹ̀ kan ṣoṣo ló kù ní ṣọ́ọ̀bù. Ọlọ́mọlanke ní òun ti parí iṣẹ́ òun, ẹni tó bá ṣe èènì ni kó tì í. Èmi ni mo tì í. Mo tẹ̀ síwájú láti tún un gbé sórí ọmọlanke, ni táì mi bá wọ ibi tí ọ́ìlì dúdú ṣẹ́kù sí nínú ẹ́ńjìnnì náà. Mo yọ ọ́, ó sì ń kán tótó sí mi láyà. Alhaja ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Gbogbo ìlà ló jáde wá wò wá. Awakọ̀ aláwàdà àárọ̀ wà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ́ńjíníà ẹlẹ́ńjìnnì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣéńjì mi ò tíì pé."

Ẹ́ńjìnnì kejì kọjá géètì. Sájẹ́ńtì ka méjì, ó lu ìwé lóńtẹ̀. Mo sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tẹ ínfọ́ìsì ìdápadà, mo sáré gbé e wá. Mo ń mí hẹlẹ. Sájẹ́ńtì kà á, ó tún un kà, ó wá gbé e sún mọ́ ojú mi kí èmi náà lè kà á.

Ẹ́ńjìnnì tó padà, kan. Èènì, ẹ́ńjìnnì kan, ọ̀fẹ́.

N ò tíì yọ máàkì yẹn kúrò.

Sájẹ́ńtì yíjú sí Bàbá Ráfíù. "Bàbá, ẹ dákun, ẹ dìde. Èyí tí ẹ jókòó lé náà ń padà."

Mo rò pé ó ti tán. Mo rò pé Bàbá máa gba owó rẹ̀, á sì lọ síbòmíì, àwọn mẹkáníìkì rẹ̀ á sì tẹ̀ lé e. Ó dìde lóòótọ́. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ Sájẹ́ńtì, ó gbé e jìnnà sójú bí àgbà ṣe ń kàwé, ẹnu rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà, ó wo Alhaja. "Ṣé ohun tí ìwé yìí ń sọ ni pé èmi ni mo wá fún ọ ní èènì?"

Alhaja ní, "Bẹ́ẹ̀ náà ni, Bàbá. Odindi ẹ́ńjìnnì."

"Láti ọdún tí mo ti ń gba èènì lọ́wọ́ rẹ, n ò fún ọ ní ọ̀kan rí." Ó ká ìwé náà pọ̀. "Gbà á. Ó tọ́ sí ọ."

Ẹ̀rín gbé Alhaja. Ó rín in títí gèlè rẹ̀ fi tú, ó di ọ̀pá géètì mú. Bàbá Ráfíù náà bẹ̀rẹ̀, Sájẹ́ńtì yíjú sí ògiri kí a má rí i. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, torí pé èmi ni mo máa ti ẹ́ńjìnnì méjèèjì padà.

Nígbà tí mo tì wọ́n dé, mo yọ máàkì yẹn. Mo wá jókòó jẹ́ẹ́, mo bèèrè ohun tó yẹ kí n ti bèèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Alhaja, kí gan-an lẹ fẹ́ fún Bàbá?" Ó ní plọ́ọ̀gì kan. Mo kọ plọ́ọ̀gì náà ní iye tí wọ́n ń tà á, mo sì yọ iye kan náà kúrò lára owó ẹ́ńjìnnì. Owó tí Bàbá san ò yí padà, ìwé pé, ẹrù pé. Ọ̀rọ̀ tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alhaja wo ìwé náà, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ́ kí ìyá mi rí i," ó sì jẹ́ kó máa lọ.

Mo tún ti ẹ́ńjìnnì kan bá Bàbá dé géètì. Kí Sájẹ́ńtì tó bèèrè, Bàbá fúnra rẹ̀ mú plọ́ọ̀gì náà jáde lápò, ó gbé e sókè kí gbogbo àwọn tó tò sẹ́yìn lè rí i. "Ó wà nínú ìwé o," ló wí. Mo dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀, mo ní kó foríjì mí. Ó ní, "Dìde. Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì yẹn, ẹ̀rín ni. Ti àárọ̀ yẹn ni kì í ṣe ẹ̀rín." Mo dìde, mo bá a gbé ẹ́ńjìnnì náà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ nínú rẹ̀ ò pọ̀. Iṣẹ́ yìí náà ni mo ṣì ń ṣe, òfin ò sì yé jáde. Ibikíbi tí wọ́n bá pè mí sí, kí n tó tan kọ̀ǹpútà, mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé, "Kí lẹ máa ń ṣe níbí tí kì í sí nínú ìwé?" Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń pa ẹnu mi mọ́, mo sì máa ń gbọ́. N kì í de táì mọ́.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Alhaja san owó Bọ̀dá Dèjì pé. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú plọ́ọ̀gì kan, ó fi sí mi lọ́wọ́. "Èènì tìẹ nìyẹn." Mo ní, "Alhaja, n ò ní mọ́tò." Ó ní, "Ṣé mo bi ẹ́?"

Mo jù ú sápò, mo dúpẹ́, mo dé géètì. Sájẹ́ńtì wo táì mi, ó wo àpò mi tó yọ gọngọ. Ó na ọwọ́.

"Ẹ́ńjíníà, èyí ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo yí padà, mo lọ tẹ ínfọ́ìsì tèmi.